Wúrà Tí Kò Yọ́ ní Ìtòkú

Bí ẹnìkan bá ti òkè òkun dé sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, nǹkan méjì ni wọ́n máa ń wò lára rẹ̀: bóyá ó sanra, àti ohun tó gbé dé. Èmi ò sanra. Ohun tí mo sì gbé dé kò fẹ̀ ju èékánná lọ: òkúta pẹlẹbẹ mélòó kan, tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, nínú ike kékeré kan tí mo fi òwú dì nínú.

Bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba ní Ìbarà, gba ike náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó sì dá a padà fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń dá ọmọ ọwọ́ tí kò lẹ́wà padà fún ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á fi àṣẹ sí i."

Bàbá mi máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ohunkóhun tí kò bá yé e, títí kan ètò ìdìbò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni kò jẹ́ kọ́rọ̀ náà parí síbẹ̀. Aláró ni ní Ìtòkú. Ó ń pa àdìrẹ láró, ó sì ń tà á, Ìyá Aláró ni gbogbo wa sì ń pè é nílé. Mùsùlùmí ni, bàbá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ wọn kì í bára wọn jà lórí ẹ̀sìn. Orí ẹran ni wọ́n máa ń jà sí.

Ó bi mí pé, "Kí lo tiẹ̀ lọ kọ́ lọ́hùn-ún gan-an?"

Mo ní, "Ẹ̀kọ́ nípa pósítírọ́ọ̀nù ni, mà."

"Pásítọ̀ wo?"

"Kì í ṣe pásítọ̀, mà. Pó-sí-tí-rọ́ọ̀-nù."

"Gbogbo ọdún yẹn lo fi lọ kọ́ṣẹ́ pásítọ̀ nílẹ̀ òyìnbó, nígbà tó jẹ́ pé ibi téèyàn bá yíjú sí l'Abẹ́òkúta ni wọ́n wà?"

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ lókè òkun máa ń sọ fún wa pé ẹni tí kò bá lè ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ kó yé àwọn ará ilé rẹ̀, iṣẹ́ náà ò tíì yé òun fúnra rẹ̀. Mo bá fa àga kan, mo jókòó ti ìyá náà.

Mo ní, "Ẹ wò ó, mà. Ohun gbogbo tẹ́ ẹ rí láyé, ìkòkò aró yín, àga yìí, àwa náà, ó ní nǹkan bíńtín kan nínú tí ojú ò lè rí, tó ń jẹ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Pósítírọ́ọ̀nù jọ ọ́ bí ìbejì, àmọ́ ọ̀tá ni wọ́n. Níbi tí wọ́n bá ti pàdé, àwọn méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, wọ́n á di ìtànṣán. Àwa á rán pósítírọ́ọ̀nù wọ inú òkúta, a ó wá jókòó síta pẹ̀lú ẹ̀rọ, a ó máa gba ìtànṣán náà bó ṣe ń jáde. Ìtànṣán yẹn ló máa sọ irú ibi tí pósítírọ́ọ̀nù wà nígbà tó kú."

"Ẹ ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ kú?"

"Kì í ṣe èèyàn, mà."

"Mo gbọ́. Kí lẹ wá ń wá nínú òkúta?"

Ibí yìí ni mo ti kó sí wàhálà. Mo ní, "Wúrà ni, mà."

Bàbá mi tó ti ń tòògbé lajú.

Mo yára ṣàlàyé. Mo ní wúrà náà kéré púpọ̀. Mo ní ńṣe ni wọ́n ta á wọ inú òkúta bí ẹni ta ọfà, tó wá ṣù jọ síbẹ̀ ní ìṣù wẹ́wẹ́, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá to ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò ní fẹ̀ tó ìbú irun orí kan ṣoṣo. Mo ní kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá sí i tó fi máa di yẹtí. Gbogbo ìyẹn gba ẹ̀yìn etí Ìyá Aláró kọjá. Wúrà ló gbọ́.

Kò pẹ́ tí gbogbo ayé fi gbọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, pásítọ̀ bàbá mi wàásù lórí ìṣúra tó fara pamọ́, èmi ló sì ń wò. Nígbà tó kan ọrẹ ìdúpẹ́, ó tún wò mí. Onílé mi ní Adigbe, tí mo ti ń bẹ̀ tipẹ́tipẹ́ pé kó wá tún òrùlé tó ń jò ṣe, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kí mi, ó sì béèrè bóyá irin fèrèsé mi lágbára tó. Kò wo òrùlé. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Oníwúrà, wọ́n sì ń retí pé èmi ni n óò máa ra epo jẹnẹrétọ̀.

Bẹ́ẹ̀, yàrá ìwádìí wa ò ní ẹ̀rọ pósítírọ́ọ̀nù kankan. Tábìlì ló ní, àti àga, àti ògiri kan tí wọ́n kọ "Ẹ má ṣe jẹun níbí" sí, ibẹ̀ gan-an la sì ti ń jẹun. Ẹ̀rọ náà wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi lókè òkun. Ó máa ń fi àbájáde ránṣẹ́ sí mi lórí ẹ̀rọ ayélujára, èmi á sì ṣe ìṣirò rẹ̀ nígbàkígbà tí iná bá wà. Àwọn òkúta tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ èyí tí a ṣì fẹ́ lò lọ́jọ́ iwájú. Inú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni mo kó wọn sí.

Ìyá Aláró ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi lọ́wọ́, torí ó máa ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi. Kò gbà pé ẹni tó ń ka ìwé púpọ̀ lè se ọbẹ̀ tó ṣe é jẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà ní kíláàsì, mò ń kọ́ wọn nípa ooru, ni fóònù mi dún. Òun ni.

"Ẹ kú ọjà, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Òkúta rẹ ò yọ́."

"Òkúta wo, mà?"

"Ọ̀kan nínú èyí tó wà nínú ike. Àlàájì oníwúrà ti fẹ́ná sí i títí, kò yọ́. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá oògùn kan wà tí wọ́n máa ń dà sí i."

Mo sọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n lọ ka ìyókù ooru nínú ìwé. Mo gun ọ̀kadà lẹ́nu géètì, mi ò dúró ná an. Ọlọ́kadà náà rí ojú mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ṣé òkú ni?" Mo ní òkúta ni. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Ìtòkú.

Ṣọ́ọ̀bù Àlàájì tó ń rọ wúrà wà lẹ́yìn àwọn tó ń ta aṣọ. Kò fẹ̀ rárá. Tí ẹni méjì bá wọlé, ẹnìkan ní láti di èémí mú. Àgbàlagbà ni Àlàájì, ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí kan pẹ̀lú òwú dúdú. Agolo gáàsì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá iná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Aláró jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí aró ti sọ di búlúù jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà. Òkúta mi wà lórí bíríkì níwájú wọn.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá."

Àlàájì ò tíì dáhùn tán tó fi bẹ̀rẹ̀. "Ìwọ lo ni nǹkan yìí? Irú wúrà wo nìyí? Láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ohun tí mo bá fẹ́ná sí, yálà kó yọ́, tàbí kó jó, tàbí kó fọ́. Èyí kàn ń wò mí ni."

Mo ní, "Bàbá, irú òkúta yẹn ni wọ́n fi ń mọ inú ààrò tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Iná yín ò lè yọ́ ọ."

Ó wò mí, ó wá yíjú sí Ìyá Aláró. "Ẹ gbọ́ o, Ìyá. Ààrò lẹ gbé wá pé kí n sè."

Ìyá Aláró ń jẹ gúgúrú rẹ̀ lọ.

Ká ní ẹgbẹ́ mi ló ṣe irú ẹ̀ ni, à bá ti fa aṣọ ya mọ́ra wa lọ́rùn. Àmọ́ obìnrin tó pọ̀n mí lẹ́yìn ni. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ fi mú un láìsọ fún mi?"

Ó ní, "Tí mo bá sọ fún ọ, o ò ní jẹ́ kí n mú un."

Òótọ́ ni.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jà? Ẹni tó ń ta aṣọ ní òdìkejì mi, ọmọ tiẹ̀ ti òkè òkun dé, mọ́tò ló wà dé. Ó ní ọmọ tèmi kó òkúta dé. Níbi tó jẹ́ pé orí òkúta la kọ́ gbogbo ìlú sí. Mo ní wúrà ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní ó dáa, ká lọ yọ́ ọ. Ẹ̀rù sì tún ń bà mí pé bóyá wọ́n ti lù ọ́ ní jìbìtì lọ́hùn-ún, tí o ò sì mọ̀. O kì í fura. Láti kékeré ni."

Ìbínú mi ò lọ, àmọ́ ó jókòó. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń bínú pé ó ń sọ̀rọ̀ mi kiri ọjà, ńṣe ni obìnrin yìí ń bá wọn jà nítorí mi.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ẹ̀mú Àlàájì gbé òkúta náà. Igun rẹ̀ kan ti hán. Mo gbé e síta, kí oòrùn lè tàn sí i, mo sì rí ohun tí mi ò tíì fojú mi méjèèjì rí rí. Òkúta tó mọ́ gaara láàárọ̀ ti pọ́n, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bíi sóbò tí wọ́n bu omi lù jù.

Mo mọ ohun tó fà á. Wúrà tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í ní àwọ̀ wúrà mọ́. Iná Àlàájì ti jẹ́ kí àwọn ìṣù wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ kóra jọ kí wọ́n tóbi sí i, ìmọ́lẹ̀ sì ti ń gba inú wọn kọjá lọ́nà mìíràn. Mo ti rí i nínú àwòrán. Mi ò mọ̀ pé Ìtòkú ni màá ti fojú ara mi rí i.

Àlàájì bọ́ síta tẹ̀lé mi, ó wò ó lábẹ́ awò ojú rẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn. "Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú ẹ̀."

"Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, bàbá. Wúrà náà ni."

Ìyá Aláró gbọ́ gbólóhùn yẹn. Ó dìde, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára, ó sì lọ pe obìnrin òdìkejì. Obìnrin náà wá, ó fọwọ́ bo ojú oòrùn, ó wo òkúta, ó wò mí.

"Wúrà wá pupa?"

Mo ní, "Tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀, mà, pupa ni."

"O lè fi Bíbélì búra?"

Mo ní mo lè búra. Ìyá Aláró ní kò pọn dandan, wọ́n ti rí i. Àwọn méjì mìíràn wá, àti ẹnìkan tó ń gbé búrẹ́dì kọjá. Mo fi ẹ̀mú gbé òkúta náà sókè fún gbogbo wọn. Láti ìgbà tí mo ti padà sí Abẹ́òkúta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ní kóun rí iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó mu kọfí.

Ó ní, "Báwo ni iná náà ṣe gbóná tó?"

Mo ní, "A ò mọ̀."

"Ta ló dáná sí i?"

"Ẹnìkan tó ń rọ wúrà."

"Nínú yàrá ìwádìí wo?"

"Ní Ìtòkú."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, ó dá mi lójú pé ó gbà pé yunifásítì kan ló ń jẹ́ Ìtòkú. Ó ní kí n fi òkúta náà ránṣẹ́ kíákíá.

Ní ọ́fíìsì àwọn tó ń kó ẹrù lọ sókè òkun, ní Ìbarà, ọmọbìnrin tó wà lórí kàǹtà bi mí pé kí ló wà nínú páálí náà. Mo ní òkúta ni. Ó wojú fèrèsé, níbi tí a ti ń rí àpáta lẹ́yìn ilé, àti àpáta mìíràn lẹ́yìn àpáta. Ó ní, "Ṣé wọn ò ní lọ́hùn-ún ni, mà?"

Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Àárọ̀ kan ni ọ̀gá mi pè, mo sì mọ̀ lára ohùn rẹ̀ pé ó ti mu kọfí. Ó ní wọ́n ti rán pósítírọ́ọ̀nù wọ inú òkúta Ìtòkú, wọ́n sì fi èsì rẹ̀ wé ti àwọn òkúta tí iná ò kàn. Ohun tí a ti ń fura sí tẹ́lẹ̀ ti wá hàn gbangba: pósítírọ́ọ̀nù kì í dúró nínú wúrà. Ẹ̀gbẹ́ wúrà, níbi tí òun àti òkúta ti pàdé, ni àwọn ihò kéékèèké wà, ibi tí àwọn átọ́ọ̀mù ti kúrò ní àyè wọn. Inú ihò wọ̀nyẹn ni pósítírọ́ọ̀nù ń sá wọ̀ lọ kú sí. Nínú òkúta tí Àlàájì sè, àwọn ihò náà ti kó ara wọn jọ, wọ́n ti tóbi sí i, ó sì rọrùn láti dá wọn mọ̀.

Mo jókòó lórí àga yàrá ìwádìí wa, mo ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí mo ti ń pè ní ìròyìn wúrà láti ọdún wọ̀nyí wá, ìròyìn ihò ni. Mo ti fi ihò gba oyè dókítà.

Ọ̀gá mi ní a gbọ́dọ̀ tún un ṣe, kí á sì wọn bí iná náà ṣe gbóná tó. Ó fi wáyà kan tí wọ́n fi ń wọn ooru àti ẹ̀rọ rẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Àlàájì pẹ̀lú òkúta mìíràn láti inú ike, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ojú lòun fi ń wọn iná òun, ojú náà sì ni bàbá òun fi wọ̀n ọ́n. Ìyá Aláró ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní tí kò bá ṣe é, òun ò ní mú àwọn tó ń ra yẹtí ìgbéyàwó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Àlàájì ní, "Bísímílláì," ó tanná.

Kò lọ dáadáa. Iwájú òkúta gbóná ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀rọ ń fò sókè fò sílẹ̀ bí ọmọ eéṣú, nígbà tí gáàsì sì rọlẹ̀ díẹ̀, Àlàájì ní wáyà yẹn ló ń tàbùkù òun. Ó bu iná sí i. Òkúta náà dún pàù, ó fọ́ sí mẹ́ta, ọ̀kan fò wọ inú gúgúrú.

Ọ̀gá mi ní ó tán nìyẹn. Ó gbé díẹ̀ nínú àwọn òkúta ọ̀dọ̀ rẹ̀ sínú ààrò tiẹ̀, èyí tó ṣeé wọ̀n, ó sì rí irú nǹkan kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò hàn tó ti Ìtòkú. Èyí tó rí yẹn la kọ sínú ìwé. Èyí tí Àlàájì sè ò sí níbẹ̀, torí ohun tí kò bá ní ìwọ̀n, wọn ò gbà á. Ó dùn mí. Mo ní kí ó ṣáà jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájì àti Ìyá Aláró nísàlẹ̀ ìwé náà, ó sì gbà. Nígbà tí mo sọ fún Àlàájì pé orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé lókè òkun, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá àwọn ọlọ́pàá máa ń kà á.

Mo wá lọ jábọ̀ fún Ìyá Aláró ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó ń to aṣọ. Mo ṣàlàyé tán, ó dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́.

"Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé wúrà wà níbẹ̀, nǹkan tẹ́ ẹ rán wọlé ò tiẹ̀ yà sọ́dọ̀ ẹ̀? Ihò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló wọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Gbogbo wọn?"

"Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn."

Ó gbé aṣọ náà sílẹ̀. "Ìyẹn ò burú. Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé, ibi tó máa jókòó ló máa kọ́kọ́ wá."

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, mà."

"Ìjọba sì ń san owó oṣù fún ọ lórí ihò?"

"Nígbà tó bá wù wọ́n."

Ó ní, "Ó dáa. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀."

Oníbàárà kan dé láti Èkó, aṣọ iṣẹ́ ọ́fíìsì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń wá àdìrẹ tí àwọ̀ rẹ̀ jìn. Ìyá Aláró kó aṣọ sílẹ̀ fún un, ó sì na ìka sí mi. "Ọmọ mi nìyí. Dókítà ni. Kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ o." Oníbàárà náà kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bi mí bóyá àwọ̀ búlúù yìí á ṣí. Mo ní kò ní ṣí. Mi ò mọ̀ bóyá á ṣí.

Nígbà tí ó lọ tán, Ìyá Aláró ju òkìtì aṣọ tí wọ́n ti tú sílẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀.

"Ká a. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Etí sí etí ni."

Mo jókòó sórí àpótí, mo ń ká aṣọ, ó ń tú èyí tí mi ò ká dáadáa, mo ń tún un ká, títí wọ́n fi pe ìrun alásàrì.